Ẹ kọ́kọ́ fẹsẹ̀ rìn ín kí ẹ tó sanwó ilé

Ìbéèrè: "Ilé kan wà tí a fẹ́ rà ní ẹ̀yìn ìlú. Alágbàtà ní àdúgbò náà jẹ́ ibi tí èèyàn ti lè fẹsẹ̀ rìn dé gbogbo ibi tó bá ń lọ: ilé ìwé, ṣọ́ọ̀bù, ibùdókọ̀. Mọ́tò méjì lèmi àti ìyàwó mi ní báyìí, a sì fẹ́ ta ọ̀kan. Ọmọ ọdún 6 àti ọdún 9 ni àwọn ọmọ wa méjèèjì, màmá mi tí wọ́n ti lé ní ẹni 70 ọdún náà ń gbé lọ́dọ̀ wa. Báwo ni gbígbé irú ibẹ̀ ṣe máa ń rí ní ti gidi? Báwo la sì ṣe lè mọ̀ bóyá òótọ́ ni wọ́n ń sọ fún wa?"

Ìdáhùn:

Ó ṣeé ṣe kí alágbàtà má purọ́, síbẹ̀ kí àdúgbò náà má bá ẹsẹ̀ yín mu. Bí wọ́n bá ní ilé ìwé ò jìnnà, bó ṣe jìnnà tó lórí máàpù ni wọ́n ń sọ. Kì í sì í ṣe jíjìn nìkan ló ń mú kí èèyàn yí padà lọ mú kọ́kọ́rọ́ mọ́tò. Ibì kan ṣoṣo tó burú lójú ọ̀nà tó láti ba gbogbo rẹ̀ jẹ́: títì ńlá tí kò ní ibi ìsọdá, ọgọ́rùn-ún mítà tí ẹlẹ́sẹ̀ ò ti ní ọ̀nà tirẹ̀, kọ̀rọ̀ kan tó ṣókùnkùn kirikiri bí ilẹ̀ bá ti ṣú. Bí ìyókù ọ̀nà náà tiẹ̀ dára, ẹ ò ní jẹ́ kí ọmọ ọdún 6 gba ibẹ̀, màmá fúnra wọn ò sì ní gbà á. Ẹ má wulẹ̀ bi ara yín bóyá àdúgbò náà dára fún ẹsẹ̀. Ẹ bi ara yín pé ibo ló burú jù láàárín ilé yẹn àti ibi kọ̀ọ̀kan tí ẹ ó máa lọ.

Ká ti orí ìṣirò bẹ̀rẹ̀, torí òun ló yá. Géńdé tí ara rẹ̀ le máa ń rin nǹkan bíi kìlómítà 5 ní wákàtí kan. Mítà 400 á gbà á ní ìṣẹ́jú 5, mítà 800 á gbà á ní 10. Iye méjèèjì yìí ni àwọn tó ń ṣètò ìlú sábà máa ń lò: 400 fún ibùdókọ̀ bọ́ọ̀sì àti ṣọ́ọ̀bù ojoojúmọ́, 800 fún ibùdó ọkọ̀ ojú irin àti ilé ìwé. Ṣùgbọ́n géńdé ni wọ́n fi wọ̀n ọ́n. Ọ̀pọ̀ ẹni tó ti lé ní 70 ń rin bíi mítà 0.8 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan. Ìrìn ìṣẹ́jú 10 yín yóò di bíi 17 fún màmá, ká má tíì sọ pé wọ́n á fẹ́ jókòó díẹ̀ lọ́nà. Nítorí náà, òbírí méjì ni kí ẹ fà yí ilé náà ká lórí máàpù, kì í ṣe ẹyọ kan: ti mítà 800 fún ẹ̀yin àti àwọn ọmọ, ti 400 fún màmá. Ohun tó bá wà láàárín 400 sí 800 jẹ́ ti ilé, àmọ́ kì í ṣe ti màmá.

Òbírí náà gan-an ń tan èèyàn, torí ẹyẹ nìkan ló ń fò tààrà. Ẹ wọn ọ̀nà tí ẹsẹ̀ máa gbà ní ti gidi, kí ẹ fi iye mítà tó wà ní tààrà pín in. Bí èsì bá jẹ́ 1.2 tàbí 1.3, ojú ọ̀nà àdúgbò náà já síra wọn dáadáa. Bó bá ti ń sún mọ́ 2, wàhálà dé. Àwọn àdúgbò tí wọ́n kọ́ lẹ́yìn tí mọ́tò ti pọ̀ lọ́wọ́ aráyé kún fún kùlọ́ọ̀sì, ìyẹn ọ̀nà tí kò já síbì kankan. Ilé méjì lè fẹ̀yìn kọ́ra, kó jẹ́ ògiri kan ṣoṣo ló là wọ́n, síbẹ̀ kí ẹni tó fẹ́ lọ kí aládùúgbò rẹ̀ rin kìlómítà kan gbáko. Ẹ wò ó bóyá àlàfo tí ẹlẹ́sẹ̀ lè gbà wà láàárín ògiri. Tó bá wà, ẹ béèrè ẹni tó ni ilẹ̀ rẹ̀. Ọ̀nà àbùjá tó wà nítorí pé ẹnì kan ò tíì ronú àtimọ odi dí i kì í ṣe ọ̀nà. Lọ́jọ́ tí onílé bá yí padà, ìṣẹ́jú 6 yín lè di 20.

Àwọn àdúgbò ẹ̀yìn ìlú tó ti wà kí mọ́tò tó dé sábà máa ń sàn ju àwọn tuntun tó ń fi ẹsẹ̀ rírìn polówó. Kò sí idán níbẹ̀. Nígbà tí Olmsted àti Vaux, àwọn ayàwòrán ọgbà àti àdúgbò, ya àwòrán Riverside, àdúgbò kan lẹ́bàá Chicago ní Amẹ́ríkà, ní ọdún 1869, ọkọ̀ ojú irin ni àwọn tó ń ṣiṣẹ́ nígboro yóò máa wọ̀, kò sì sí mọ́tò láyé nígbà náà. Ó di dandan kí ilé sún mọ́ ibùdó ọkọ̀, kí ṣọ́ọ̀bù sì wà lójú ọ̀nà tí wọ́n ń gbà relé. Lẹ́yìn tí mọ́tò dé, òfin ní ibi púpọ̀ ya ilé gbígbé sọ́tọ̀ kúrò lára ibi ìtajà, ìrìn kan náà sì di kìlómítà mélòó kan. Bí ilé tí ẹ fẹ́ rà bá wà ní àdúgbò àtijọ́ tó yí ibùdó ọkọ̀ ojú irin ká, ẹ ti ní àǹfààní kan lọ́wọ́ kí ẹ tó jáde lọ wò ó.

Tuntun náà lè dára o. Ní Houten, ìlú kan ní Nẹ́dálándì tí wọ́n mú gbòòrò láti àwọn ọdún 1970, mọ́tò tó bá fẹ́ ti àdúgbò kan lọ sí òmíràn gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ jáde sí títì ńlá tó yí ìlú po, ṣùgbọ́n ẹlẹ́sẹ̀ àti oníkẹ̀kẹ́ ń gba àárín kọjá tààrà. Àbùjá jẹ́ ti ẹsẹ̀, ìyípo jẹ́ ti mọ́tò. Ní Vauban, ẹ̀yìn ìlú Freiburg ní Jámánì, etí àdúgbò ni wọ́n kọ́ ilé ìgbọ́kọ̀sí sí. Ní ọ̀pọ̀ òpópónà ibẹ̀, èèyàn lè wa ọkọ̀ dé ẹnu ọ̀nà láti já ẹrù, àmọ́ kò lè fi í síbẹ̀ sùn. Ẹ wò ó pé kì í ṣe òdòdó tàbí àga ọlọ́nà ló mú kí ẹsẹ̀ rọrùn níbi méjèèjì. Ẹni tí wọ́n ní kó yí po ló yàtọ̀.

Ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó dá wà láàyè ara rẹ̀ kì í sì í ṣe ohun rere nígbà gbogbo, bó ti wù kó lẹ́wà tó. Ní Radburn, New Jersey, tí wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í kọ́ ní 1929, ilé kọ ojú sí ọgbà àti ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀, mọ́tò sì ń gba ẹ̀yìn. Àwọn èèyàn ṣì ń gbé ibẹ̀ dòní. Nígbà tí wọ́n wá ṣe àwòkọ rẹ̀ fún ilé ìjọba ní ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì àti Ọsirélíà, ọ̀nà náà dá páropáro níbi púpọ̀: ògiri lápá ọ̀tún, ògiri lápá òsì, kò sí fèrèsé tó kọjú sí i. Àwọn ibì kan wà ní Ọsirélíà tí wọ́n ti padà yí ilé wọn kọjú sí títì. Bí wọ́n bá fi ọ̀nà ẹ̀yìn ilé hàn yín pé "ibí ni àwọn ọmọ á máa gbà," ẹ ka fèrèsé tó ń wo ojú ọ̀nà náà. Tí kò bá sí, ẹ̀yin náà ò ní í gbà á lálẹ́.

Eré ọkọ̀ wá ni ọ̀rọ̀ tó gbé gbogbo rẹ̀ dání. Ẹ jẹ́ ká gbà pé awakọ̀ nílò ìṣẹ́jú-àáyá kan kó tó tẹ bíréèkì lẹ́yìn tó bá rí ọmọ lójú títì, àti pé ilẹ̀ gbẹ. Ọkọ̀ tó ń sá kìlómítà 30 ní wákàtí yóò ti dúró pátápátá ní bíi mítà 13. Ọkọ̀ tó ń sá 50 yóò ti rin mítà 14 kí ẹsẹ̀ awakọ̀ tó kan bíréèkì. Èyí ni pé níbi tí ọkọ̀ àkọ́kọ́ ti dúró gbọn-in, ìkejì ṣì ń bọ̀ pẹ̀lú gbogbo agbára rẹ̀. Ẹni tí 30 bá gbá sábà máa ń yè é. Ti 50 burú jù bẹ́ẹ̀ lọ jìnnà, pàápàá fún arúgbó.

Ẹ má gbára lé àmì eré tí wọ́n rì mọ́lẹ̀. Ojú títì fúnra rẹ̀ ló ń sọ fún awakọ̀ bí yóò ṣe sá tó. Ìlà ọkọ̀ tó fẹ̀ tó mítà 3.6, tó gùn tààrà, tí igi ò sí létí rẹ̀, ń pe ẹsẹ̀ sórí eré. Èyí tó jẹ́ mítà 3, tó ní ìyípadà díẹ̀díẹ̀, tí ọkọ̀ wà létí rẹ̀, ń mú un rọra. Ẹ wo igun oríta náà: bó bá yípo gẹ̀rẹ̀jẹ̀ bí ẹ̀yìn abọ́, ọkọ̀ á máa yà láìdẹ eré, ibi tí ẹlẹ́sẹ̀ máa sọdá á sì fẹ̀ sí i. Igun tó ká ṣinṣin, tí ọkọ̀ fi gbọ́dọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ dúró kó tó yà, ló dára. Gegele tó ń dẹ eré ọkọ̀ wúlò, àmọ́ tí wọ́n bá jìnnà síra wọn ju bí ọgọ́rùn-ún mítà lọ, awakọ̀ á máa sáré láàárín wọn. Àwọn ará Nẹ́dálándì tiẹ̀ lọ jìnnà jù bẹ́ẹ̀: láti 1976 ni òfin wọn ti fàyè gba òpópónà ilé gbígbé tí mọ́tò ti gbọ́dọ̀ rìn bí ẹlẹ́sẹ̀ ṣe ń rìn, tí ọmọdé sì lè ṣeré lójú títì.

Bí títì kan bá fẹ̀ ju ìlà ọkọ̀ méjì lọ láàárín yín àti ilé ìwé, ẹ dúró níbẹ̀ kí ẹ fi aago wọ̀n ọ́n. Ní Amẹ́ríkà, mítà 1.07 ní ìṣẹ́jú-àáyá kan ni wọ́n fi ń ṣírò àkókò tí ẹlẹ́sẹ̀ fi máa parí ìsọdá lẹ́yìn tí àmì iná ẹlẹ́sẹ̀ bá bẹ̀rẹ̀ sí í ṣẹ́jú. Fún títì mítà 14, ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú-àáyá 13. Bí màmá bá gbéra gẹ́rẹ́ kí àmì tó máa ṣẹ́jú, wọn ò ní tíì rìn ju mítà 10 ààbọ̀ lọ tí iná fi máa yí, mítà 3 ààbọ̀ á sì kù níwájú wọn. Ohun tó ń gba irú wọn là ni pèpéle tó wà láàárín títì, tí èèyàn lè dúró lé lórí de iná tó tẹ̀ lé e. Kó tó mítà 2 ní fífẹ̀ ó kéré tán, kí kẹ̀kẹ́ ọmọ má bàa yọ ìdí sójú títì. Ẹ wo bí ẹ ṣe dúró pẹ́ tó kí iná tó gbà yín láyè pẹ̀lú. Tó bá ju ìṣẹ́jú-àáyá 40 lọ, ẹ ó rí i pé àwọn èèyàn ń sọdá nígbà tí iná ò tíì gbà wọ́n. Ìwà wọn kọ́, ẹni tó ṣètò iná ló gbàgbé wọn.

Ní ti ojú ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tó wà létí títì, mítà 1.5 ni ó kéré tán kí ẹni méjì tó lè pàdé láìsí pé ọ̀kan bọ́ sílẹ̀, 1.8 sì ni kí ẹ tó lè di ọmọ lọ́wọ́ mú kí ẹ sì jọ máa sọ̀rọ̀. Ibi tó ṣófo nìkan ni kí ẹ wọ̀n. Òpó iná, àpótí ìfìwéránṣẹ́ àti igbó ọgbà ẹni ẹlẹ́ni kì í ṣe ọ̀nà. Ẹ lọ wò ó lọ́jọ́ tí wọ́n ń kó ìdọ̀tí, nígbà tí garawa ilẹ̀ bá tò síta, mítà 1.5 lè di ìdajì. Gbòǹgbò igi máa ń gbé kọnkéré sókè, etí tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 2 péré sì ti tó láti gbé arúgbó ṣubú. Ẹnu ọ̀nà ọkọ̀ tó ń wọlé oníkálukú náà ń bà á jẹ́, torí ó máa ń jẹ́ kí ọ̀nà dagun sí ẹ̀gbẹ́. Bí màmá bá ń lo ọ̀pá, tàbí wọ́n lè lò ó lọ́jọ́ iwájú, ìsàlẹ̀ tí wọ́n gé létí títì gbọ́dọ̀ rọra dagun: ìwọ̀n kan sókè, 12 síwájú. Etí títì tó ga ní sẹ̀ǹtímítà 15 nílò ìdagun mítà 1.8. Tí ẹ bá rí èyí tó jẹ́ mítà kan ṣoṣo, ọ̀pọ̀ ẹni tó wà lórí kẹ̀kẹ́ arọ ò ní lè gba ibẹ̀ láìsí ìrànlọ́wọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká sọ bí ayé ṣe ń rí níbẹ̀ bí gbogbo èyí bá bá yín lára mu.

Ohun àkọ́kọ́ tó máa ń yí padà ni ọ̀nà tí ilé ń gbà ra nǹkan. Ríra ńlá ọlọ́sẹ̀ẹ̀sẹ̀ á dínkù, ríra kékeré á pọ̀, bóyá ìgbà mẹ́ta tàbí mẹ́rin lọ́sẹ̀. Ọwọ́ èèyàn ló fà á. Lítà omi kan jẹ́ kìlógírámù kan, ẹrù kìlógírámù 5 sí 6 lọ́wọ́ méjì fún ìṣẹ́jú 10 sì ni ọ̀pọ̀ èèyàn lè fara dà kó má di ìyà. Okùn ọ̀rá máa ń gé ìka kí apá tó rẹ èèyàn, nítorí náà àpò ìgbékẹ́yìn sàn ju ọ̀rá méjì lọ. Àpò onítáyà méjì ló dára jù fún màmá, àmọ́ kí táyà rẹ̀ tóbi. Táyà kékeré máa ń há sí ojú ìpàdé kọnkéré. Ọṣẹ ìfọṣọ, ohun mímu páálí páálí àti gbogbo ohun tó wúwo tí kì í bàjẹ́, ẹ máa fi mọ́tò kan tó kù rà á lẹ́ẹ̀kan lóṣù, tàbí kí wọ́n gbé e wá sílé. Àwọn tó bá fẹ́ fi ẹsẹ̀ gbé ohun gbogbo láti ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ ló máa ń kọ́kọ́ padà sórí mọ́tò.

Ohun kejì ni àkókò, níbí sì ni ọ̀pọ̀ ti ń ṣírò rẹ̀ kù. Bí ilé ìwé bá jẹ́ ìrìn ìṣẹ́jú 12, àwọn ọmọ á rin ín lẹ́ẹ̀mejì lójúmọ́. Ẹni tó ń mú wọn lọ á rin ín lẹ́ẹ̀mẹrin. Ìyẹn jẹ́ ìṣẹ́jú 48 lójúmọ́, ọ̀nà tí ọ̀dọ́mọdé sì ń rìn tún ń gùn sí i torí kòkòrò kan wà nílẹ̀ tó yẹ kó wò. Bí ẹni tó ń mú wọn lọ bá lè gba ibẹ̀ kọjá síbi iṣẹ́ tàbí síbùdókọ̀, ó dínkù sí ìdajì. Nítorí náà, ilé ìwé tó wà lójú ọ̀nà ibùdókọ̀ níyì ju èyí tó sún mọ́lé ṣùgbọ́n tó wà lápá kejì. Ní àwọn àdúgbò tí èyí ti rọrùn, òbí mẹ́rin tàbí márùn-ún máa ń pín in: àgbàlagbà kan á kó gbogbo ọmọ òpópónà náà lọ ní Monday, ẹlòmíràn ní Tuesday. Èrè rẹ̀ ni pé Àjọ Ìlera Àgbáyé ní kí àgbàlagbà máa ṣe eré ìdárayá ìwọ̀ntúnwọ̀nsì ó kéré tán ìṣẹ́jú 150 lọ́sẹ̀. Ìrìn kánmọ́kánmọ́ ìṣẹ́jú 15 ní àlọ àti 15 ní àbọ̀, ọjọ́ márùn-ún, ó ti pé ìyẹn láìsan kọ́bọ̀ fún ibi ìdárayá.

Ọmọ ọdún 9 yín lè bẹ̀rẹ̀ sí í dá lọ sí ilé ọ̀rẹ́ àti ṣọ́ọ̀bù itòsí, tí kò bá sí títì eléré láàárín. Ti ọdún 6 ò tíì tó bẹ́ẹ̀, kì í ṣe torí àìgbọ́ràn. Títí di bí ọdún 9 tàbí 10, ó ṣòro fún ọmọ láti díwọ̀n bí ọkọ̀ tó ń bọ̀ ṣe ń sáré tó. Ẹ máa bá a rin ọ̀nà kan náà, kí òun máa ṣíwájú, kó máa sọ fún yín ìgbà tí ẹ lè sọdá, kí ẹ̀yin wà lẹ́yìn rẹ̀. Ibi tó bá ti ń ṣàṣìṣe lẹ́ẹ̀mejì tàbí ẹ̀ẹ̀mẹta, ibẹ̀ gan-an ni ibi tó burú jù tí à ń wá.

Fún màmá, kì í ṣe ilé ìwòsàn ló ṣe pàtàkì jù ní òbírí 400, torí mọ́tò lẹ ó fi gbé wọn lọ síbẹ̀ bó bá kan. Ohun tó ṣe pàtàkì ni ilé òògùn, ibi kan tí wọ́n lè jókòó bá èèyàn sọ̀rọ̀, àti àga lójú ọ̀nà, ó kéré tán ọ̀kan ní mítà 200 kọ̀ọ̀kan. Ògiri kúkúrú tí ẹnì kan ò bínú sí pé wọ́n jókòó lé náà jẹ́ àga. Ẹni tó ti lé ní 70 tó bá rìbi jáde lọ lójúmọ́ láìdúró de ẹni tó máa wa òun, ayé rẹ̀ yàtọ̀ pátápátá sí ti ẹni tí wọ́n jókòó tì sílé. Èyí ni èrè tó tóbi jù nínú gbogbo ọ̀rọ̀ yìí, àwọn tó ń ra ilé kì í sì í sábà kà á sí.

Ẹ ó máa pàdé àwọn èèyàn kan náà lójoojúmọ́. Ẹ ó mọ orúkọ wọn, wọ́n á sì mọ ìgbà tí ẹ wọlé. Ẹni tí kò fẹ́ kí èèyàn mọ ìrìn òun lè má gbádùn ìyẹn. Àwọn èèyàn á máa gba abẹ́ fèrèsé yín kọjá. Bí yàrá ìsàlẹ̀ bá fẹ́rẹ̀ẹ́ kan ojú ọ̀nà, aṣọ fèrèsé ò ní ṣí mọ́. Ariwo náà wà: ọkọ̀ tó ń já ẹrù sí ṣọ́ọ̀bù ní ìdájí, bíréèkì bọ́ọ̀sì, àwọn ọ̀dọ́ tó dúró sẹ́nu ṣọ́ọ̀bù lálẹ́. Ẹ má ra ilé tó kọjú sí ṣọ́ọ̀bù tàbí ibùdókọ̀ gan-an. Ìrìn ìṣẹ́jú méjì tàbí mẹ́ta sí i ló dára jù, ẹ ó ní àǹfààní rẹ̀ láìgbọ́ ariwo rẹ̀. Ibi ìgbọ́kọ̀sí náà máa ń dá ìjà sílẹ̀. Àlejò yín lè máà ríbi fi mọ́tò sí, àlejò aládùúgbò yín sì lè gbé tirẹ̀ gun ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀.

Àgbàlá yín á kéré. Kò sí bí ẹ ṣe lè sá fún èyí, ìṣirò ló fi í hàn. Òbírí mítà 400 gba bíi hẹ́kítà 50. Bí ilé 10 bá wà lórí hẹ́kítà kan, ilé 500 ló wà níbẹ̀. Bó bá jẹ́ 30, ilé 1,500. Ṣọ́ọ̀bù tó bá gbójú lé ilé 500 nìkan kì í sábà lówó tó láti pẹ́, àfi tí ọkọ̀ tó ń kọjá bá ń yà síbẹ̀. Nítorí náà, bí wọ́n bá fi àgbàlá gbàràmù gbàràmù hàn yín, tí wọ́n tún ní ṣọ́ọ̀bù máa wà ní gbogbo igun, ọ̀kan nínú méjèèjì kì í ṣe òótọ́. Ẹ wo ṣọ́ọ̀bù tó ti wà: mélòó ló wà ní títì pa? Báwo ni àwọn tó ṣí ṣe pẹ́ tó? Ẹ má fi kọ́bọ̀ sanwó lórí ṣọ́ọ̀bù tó wà nínú àwòrán nìkan.

Kí ẹ tó ta mọ́tò kejì, bọ́ọ̀sì ni kí ẹ yẹ̀ wò. Tó bá ń dé ní ìṣẹ́jú mẹ́ẹ̀ẹ́dógún mẹ́ẹ̀ẹ́dógún, ẹ lè jáde nílé láìwo aago. Tó bá jẹ́ ẹ̀ẹ̀kan ní wákàtí, bí ẹ bá pẹ́ ìṣẹ́jú kan, ọjọ́ ti bàjẹ́. Ẹ wo ti ọjọ́ Sunday àti èyí tó kẹ́yìn lálẹ́, torí ibẹ̀ ni ètò máa ń já sí. Lẹ́yìn tí ẹ bá kó débẹ̀, ẹ má tíì ta mọ́tò náà fún oṣù méjì tàbí mẹ́ta. Ẹ fi kọ́kọ́rọ́ rẹ̀ pa mọ́, kí ẹ máa kọ ọ́ sílẹ̀ nígbàkigbà tí ẹ bá nílò mọ́tò méjèèjì ní wákàtí kan náà, àti ìdí rẹ̀. Bí ó bá jẹ́ ohun tí takisí tàbí mọ́tò àyálò lè yanjú, ẹ tà á. Bí ó bá jẹ́ iṣẹ́ ẹnì kan nínú yín, tó sì ń ṣẹlẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, ẹ fi í sílẹ̀.

Ẹ lọ síbẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta kí ẹ tó bọwọ́ lùwé: ní àárọ̀ ọjọ́ ilé ìwé, lálẹ́ lẹ́yìn tí ilẹ̀ ti ṣú, àti lẹ́yìn òjò. Ẹnu ọ̀nà ilé náà ni kí ẹ ti gbéra, kì í ṣe ibi tí ẹ gbọ́kọ̀ sí. Ẹ gbé ẹrù kìlógírámù 5 nígbà tí ẹ bá ń padà bọ̀. Ẹ mú màmá lọ ó kéré tán lẹ́ẹ̀kan. Lálẹ́, ẹ wò ó bóyá iná títì ń tan ìmọ́lẹ̀ sórí ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ tàbí sórí mọ́tò nìkan, torí igi sábà máa ń dí ti ẹlẹ́sẹ̀. Lẹ́yìn òjò, ẹ wo ibi tí omi dúró sí: ní ibi ìsọdá ló máa ń wọ́ jọ sí jù, torí ibẹ̀ ni wọ́n gé sílẹ̀.

Kí ẹ sì wo àwọn tó ń rìn. Bí ó bá jẹ́ àwọn tó ń sáré ìdárayá àti àwọn tó mú ajá jáde nìkan lẹ rí, àdúgbò náà dára fún ìgbafẹ́, àmọ́ mọ́tò ni wọ́n fi ń ṣe ohun tí wọ́n ń ṣe. Àwọn tó yẹ kí ẹ wá ni ẹni tó gbé ẹrù ọjà, ọmọ ilé ìwé tí àgbàlagbà kankan ò tẹ̀ lé, àti arúgbó tó dá rìn. Ẹ lè wo máàkì Walk Score náà lórí íńtánẹ́ẹ̀tì, tó ti wà láti 2007, tó ń fún àdírẹ́sì ní máàkì láti 0 dé 100. Bí ilé ìtajà àti ilé ìwé ṣe súnmọ́ tó ló pọ̀ jù nínú ohun tó ń wọ̀n. Kò lè sọ fún yín bóyá ọ̀nà ẹlẹ́sẹ̀ wà, tàbí bí títì tó wà láàárín ṣe fẹ̀ tó.

Bí ó bá ṣẹlẹ̀ pé ohun gbogbo dára àyàfi ibi ìsọdá kan, má jẹ́ kí alágbàtà fi "wọ́n máa tún un ṣe láìpẹ́" tù yín nínú. Ẹ kọ lẹ́tà sí ọ́fíìsì tó ń bójú tó títì níbẹ̀. Ẹ dárúkọ oríta náà gan-an, kí ẹ fi fọ́tò méjì sí i, kí ẹ sọ wákàtí tí ó burú jù, kí ẹ sì kọ bí títì náà ṣe fẹ̀ tó àti iye ìṣẹ́jú-àáyá tí iná ń fún ẹlẹ́sẹ̀. Ohun kékeré ni kí ẹ béèrè: pèpéle àárín títì, ọ̀dà, ìṣẹ́jú-àáyá 5 sí i. Wọ́n máa ń tètè ṣe ìyẹn ju afárá ẹlẹ́sẹ̀ lọ, afárá náà kò sì ní wúlò fún màmá torí àtẹ̀gùn rẹ̀. Tí wọ́n bá fèsì pé iṣẹ́ náà ti wà nínú ètò, ẹ ní kí wọ́n sọ nọ́ńbà iṣẹ́ náà àti ọdún tí owó rẹ̀ wà nínú bọ́jẹ́ẹ̀tì fún yín. Bí wọn ò bá rí méjèèjì sọ, kí ẹ ṣe ìpinnu yín bíi pé ibi ìsọdá yẹn ò ní í yí padà.